Láti Àpò Ṣòkòtò Bàbá sí Àpamọ́wọ́ Ìyá

Lóṣù tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ àti bí a ṣe lè pín in kí ó má baà tán kí oṣù tó parí ni a jọ sọ. Lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí n kò lè gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó ọ̀dọ́ kan ni ó kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní Ìlú Ọba láti ọdún méjì sẹ́yìn, òun náà sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá a pẹ̀lú ọmọ méjì. Ó ní nígbàkígbà tí ọkọ òun bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Òyìnbó ni wọ́n máa ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: èyí á ní kí ìjọba ra ìbọn, èyí á ní kí ìjọba bọ́ ọmọ. Ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀? Ṣé àlejò kọ́ ni wá ni?”

Ìbéèrè gidi ni. Kì í sì í ṣe inú ìwé ni mo fẹ́ ti dá a lóhùn, nítorí pé mo ti jókòó níbi tí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ti gbóná ju ọbẹ̀ tí ó wà lórí tábìlì lọ. Ní ọdún 2024, mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní apá gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra ẹ̀lùbọ́, ata rodo àti ẹja gbígbẹ ní òpópónà Rye Lane láì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni mo dé. Rishi Sunak, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ti kéde pé ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni ìdìbò gbogboogbò yóò wáyé. Láti ìgbà náà ni ilé ẹ̀gbọ́n mi kò ti dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti dé ìlú náà, wọ́n sì ti gba ìwé ọmọ onílùú. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, àkọ́bí wọn ọkùnrin sì ń sún mọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdáná ni ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ tirẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn. Àwọn kò tíì pé ọdún méjì ní Ìlú Ọba nígbà tí mo dé. Ẹ fi obìnrin yìí sọ́kàn, nítorí pé mo ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì tí mo lò níbẹ̀, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti gbé àmàlà kalẹ̀, ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Conservative ni tirẹ̀. Ó fẹ́ràn wọn nítorí pé wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹun, àti pé ìjọba kò gbọdọ̀ ná ju ohun tí ń wọlé fún un lọ. N kò rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ bí mo bá fi kún un pé inú rẹ̀ tún máa ń dùn pé Kemi Badenoch, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ó sì gbé púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó, jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Ó ní láti oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti kó ogun wọ ilẹ̀ Ukraine ni ó ti yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní làákàyè mọ̀ pé ayé ti yí padà. Sunak ti ṣèlérí pé nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2030, nínú 100 pọ́n-ùn tí iṣẹ́ àti òwò gbogbo orílẹ̀-èdè náà bá mú wá lọ́dún, pọ́n-ùn méjì àbọ̀ yóò máa lọ sí ìdí ààbò ilẹ̀.

Ó ní, “Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìkòkò ọbẹ̀ ibẹ̀ ṣe? Olè ni yóò jẹ ẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ilé tí ẹ fi irin ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí ebi sì ń pa àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀ ńkọ́? Ta ni ẹ ń ṣọ́?”

Ẹgbẹ́ Labour ni ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí mo bá pàdé níbẹ̀. Ó ní ní ilẹ̀ England nìkan, orúkọ tí ó wà nínú ìwé àwọn tí ń dúró de ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba ju mílíọ̀nù méje lọ, kí ni ìbọn yóò ṣe fún wọn? Ó sì mẹ́nu kan òfin ọmọ méjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí díẹ̀, nítorí pé ó kan abiyamọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017, ìjọba Conservative ti ṣòfin pé ìdílé tí owó wọn kéré, tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́, kò ní máa gba ìrànlọ́wọ́ náà lórí ọmọ kẹta tàbí èyí tí ó bá tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá bí i lẹ́yìn ìgbà náà. Owó ọ̀hún ju 3,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún lórí ọmọ kan. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí ó tọ́ ni, pé ẹni tí ó bí ọmọ ni kí ó wo àpò rẹ̀ kí ó tó bí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ọmọ tí ó yan ipò tí wọn yóò fi bí òun sí.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn tó bí àwọn tọkọtaya yìí ti jìnnà sí ara wọn. Labour náà ti ní àwọn yóò ná pọ́n-ùn méjì àbọ̀ yẹn lórí ààbò, kìkì pé wọn kò dárúkọ ọdún. Labour kò sì ṣèlérí pé àwọn yóò fa òfin ọmọ méjì ya. Inú ẹ̀gbọ́n mi kò dùn sí ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá lórí èyí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀. Ilé ìdáná ni ó ti sọ ọ́ fún mi.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ààbò náà fi wọlé tọ̀ wá. Ní òpin oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ Conservative ti sọ pé bí àwọn bá tún wọlé, gbogbo ọmọ ọdún méjìdínlógún yóò máa sin orílẹ̀-èdè: 30,000 nínú wọn yóò lo ọdún kan pẹ̀lú àwọn ológun, àwọn yòókù yóò sì máa fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣooṣù ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ ní àdúgbò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń yin ètò náà, ó ń fi í wé àwọn àgùnbánirọ̀ tiwa níhìn-ín, ó ní yóò lé ìmẹ́lẹ́ kúrò lára àwọn ọmọ. Àkọ́bí wọn gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó ní, “Dádì, ṣé èmi náà wà nínú rẹ̀?”

Bàbá rẹ̀ kò dáhùn kíá. Ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ọkọ rẹ̀. Ọmọ ni ó ń wò. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ààbò tí òun ń wá kò jìnnà tó Rọ́ṣíà. Kí ọmọ òun ti ilé ẹ̀kọ́ dé láì bá ọ̀bẹ pàdé ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ó ní láàrin ọdún 2010 sí 2018, nígbà tí ìjọba ń gé ìnáwó, nǹkan bí 20,000 ọlọ́pàá ni ó dín kù ní England àti Wales, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ pa. Ọkọ rẹ̀ ní ṣebí Boris Johnson ṣèlérí ní ọdún 2019 pé òun yóò gba 20,000 padà, wọ́n sì gbà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹni tí ó ṣí òrùlé ilé yín tí ó tún wá kàn án padà, ṣé ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?”

Níbí ni ọkọ rẹ̀ ti kọjú sí mi. Ó ní, “Ìwọ tí o ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ètò ilé ní yunifásítì, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé ìjọba kì í ṣe ilé ni? Ṣé ìyá ilé lè máa ná ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí tipẹ́ mọ̀ pé n kì í sábà jẹ́ kí wọ́n pe iṣẹ́ mi ní ẹlẹ́rìí nínú ìjà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní Ìlú Ọba. Margaret Thatcher, ọmọ oníṣòwò oúnjẹ láti ìlú Grantham, tí ó ṣe olórí ìjọba láti ọdún 1979 sí 1990, fẹ́ràn láti máa fi ìṣúná orílẹ̀-èdè wé ti ìyàwó ilé tí ó mọ owó ṣọ́ná, ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin sì gbà á gbọ́ nítorí pé wọ́n rí ara wọn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pé òótọ́ wà nínú àfiwé náà, èké sì wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ jiyàn lórí owó kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe nìyẹn. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì: bí ìjọba Ìlú Ọba bá ná 100 pọ́n-ùn, ó ju 25 lọ tí ń lọ sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó àti ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ìdílé, àwọn aláìsàn àti àwọn aláìníṣẹ́, nǹkan bí 20 ń lọ sí ìlera, nǹkan bí mẹ́jọ ń lọ sí èlé orí gbèsè, ti ààbò ilẹ̀ kò ju nǹkan bí márùn-ún lọ. Àwọn méjèèjì wo ìwé náà, wọ́n dákẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti rò pé ọmọ àwọn ọ̀lẹ ni ó ń jẹ owó náà tán, kò mọ̀ pé àwọn arúgbó ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú 25 yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti rò pé ìbọn ni ó ń gbé oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláìsàn, kò mọ̀ pé èlé gbèsè nìkan ju owó ìbọn lọ.

Èké rẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá pinnu lóṣù yìí pé n kò ní ra ata púpọ̀, owó oṣù tèmi kò ní dín kù nítorí rẹ̀. Ìyá aláta ni yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń ra ata, òun náà ni ó tún ń gba owó orí lọ́wọ́ ìyá aláta. Bí ó bá dín owó nọ́ọ̀sì kù, nọ́ọ̀sì yóò dín ọjà tí ó ń rà kù, ọlọ́jà yóò lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ kúrò, owó orí tí ń wọlé fún ìjọba yóò sì fà sẹ́yìn. Ilé kankan kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èyí kò sọ pé kí ìjọba máa yá owó bí ẹni ń bu omi odò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Liz Truss kéde pé òun yóò dín owó orí kù ní bílíọ̀nù 45 pọ́n-ùn láì fi ibi tí owó yóò ti wá hàn. Àwọn tí ń yá ìjọba lówó fòyà, èlé fò sókè, àwọn tí wọ́n fi gbèsè ra ilé sì rí i nínú ohun tí wọ́n ń san lóṣooṣù. Obìnrin náà kò lo tó 50 ọjọ́ lórí oyè.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó dára, o ti dá wa láre, o sì ti dá wa lẹ́bi.” Ibẹ̀ ni a wà tí Màmá Òkè fi kan ilẹ̀kùn.

Màmá Òkè ni wọ́n ń pe ìyá arúgbó Òyìnbó kan tí ń gbé ní òkè ilé wọn, nítorí pé òkè ni ó wà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá a ra oògùn, òun náà a sì máa yan àkàrà òyìnbó fún àwọn ọmọ. Ó ti gbọ́ ariwo wa láti òkè. Ó jókòó, ó gba tíì, ó bi wá ohun tí a ń jà lé lórí, nígbà tí a sì sọ fún un, ó ní gbogbo wa kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí a tó bèèrè iye tí ìjọba yóò ná, ọwọ́ ta ni wọn yóò fi í sí?

Ó wá sọ ìtàn tí mo mọ̀ nínú ìwé ṣùgbọ́n tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ṣojú rẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní oṣù kẹjọ ọdún 1946, nígbà tí ìyá rẹ̀ mú òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti gba owó ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í san ti àkọ́bí. Ṣílè mẹ́wàá ni ó bọ́ sí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò rí ìyá òun tí ó rìn bẹ́ẹ̀ rí.

Owó náà kò ṣàdédé bọ́ sí ọwọ́ ìyá. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ gbé àbá òfin náà wá ní ọdún 1945, bàbá ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí owó tọ́ sí. Obìnrin kan, Eleanor Rathbone, tí ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ó sì ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1924, ni ó ṣíwájú àwọn tí wọ́n taku pé ìyá ni kí wọ́n fún. Ilé gbà, wọ́n yí i padà. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1946, oṣù méje kí ìyá Màmá Òkè tó na ọwọ́ gba ṣílè mẹ́wàá rẹ̀.

Ó tún ku ìjà kan. Lẹ́yìn owó yìí, ìjọba a tún máa dín owó orí bàbá kù nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, èyí sì ń wà nínú owó iṣẹ́ tí ọkùnrin ń mú bọ̀ wálé, tàbí tí kò mú bọ̀. Ní ọdún 1975, ìjọba Labour ṣòfin pé kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kí ó di owó kan ṣoṣo tí wọn yóò máa fún ìyá, àkọ́bí náà yóò sì wà nínú rẹ̀. Barbara Castle ni mínísítà tí ó mú òfin náà la ilé kọjá. Nígbà tí ó di ọdún 1976, James Callaghan gba ìjọba, ó yọ Castle kúrò, ìjọba sì fẹ́ fi òfin náà sí àpótí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ yóò bínú bí owó bá kúrò nínú àpò ṣòkòtò wọn lọ sínú àpamọ́wọ́ ìyàwó wọn. Ẹnì kan tú àṣírí ìwé ìpàdé àwọn mínísítà, Frank Field sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn New Society. Ìtìjú bá ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí san owó náà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1977 títí ó fi pé ní 1979.

Màmá Òkè ní ọkọ òun, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, bínú gidi ní ọ̀sẹ̀ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dín kù. Ó ní wọ́n ti ja òun lólè. “Nígbà tí ó rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, ó dákẹ́.” Ó kọjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí ó má ṣe rò pé àwọn Conservative nìkan ni ọwọ́ wọn máa ń le sí ìyá. Ó tún kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí òun náà má ṣe gbàgbé pé Labour ni ó ṣòfin náà, Labour kan náà ni ó sì fẹ́ sin ín.

Nígbà tí gbogbo wọn dìde, mo bá ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé ìdáná tí ó ń fọ abọ́. Kò sọ̀rọ̀ kankan ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé owó ọmọ yẹn ṣì wà. Mo ní ó wà: lọ́dún náà, 25.60 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ ni fún àkọ́bí, 16.95 pọ́n-ùn sì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ wá. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń san owó orí. Wọ́n sì ní láti san owó ìlera kí wọ́n tó lè gba ìwé àṣẹ: láti oṣù kejì ọdún 2024, owó náà ti kúrò ní 624 pọ́n-ùn ó di 1,035 fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan, 776 fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n owó ọmọ, rárá.

Mo wá sọ ohun tí kò mọ̀ fún un. Nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni, tí Nàìjíríà sì wà nínú àjọ Commonwealth, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé, ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba, bí ó bá ti fi orúkọ sílẹ̀. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹni tí kò ní jẹ nínú ọbẹ̀ ni wọ́n ń bi pé kí ni kí a fi sè é?”

N kò ní èsì tí ó dára fún un, n kò sì tíì ní in di òní. Ṣùgbọ́n a jọ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ jọ jáde lọ láàárọ̀ bí ẹni pé ìjà kankan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó mú pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà rẹ̀ dání, nítorí pé láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń bèèrè ìwé tí ó ní àwòrán kí ènìyàn tó dìbò, wọ́n sì ń gba pásípọ́ọ̀tì àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Nígbà tí ó dé, ó ní pẹ́ńsù ni wọ́n fún òun, wọn kò tẹ̀ka. Ohun tí ó yà á lẹ́nu jù nìyẹn.

Labour gba àga 411 nínú 650, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 34 nínú 100 olùdìbò ni ó dìbò fún wọn. Keir Starmer di olórí ìjọba, Rachel Reeves sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di mínísítà ìṣúná. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí oṣù náà parí kí ó tó pè mí láti fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé owó ìgbóná ilé tí wọ́n ń fún àwọn arúgbó nígbà òtútù ni ìjọba náà kọ́kọ́ gé. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n dá a padà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ní oṣù kejì ọdún 2025 kan náà, Starmer kéde pé owó ààbò yóò dé pọ́n-ùn méjì àbọ̀ yẹn ní ọdún 2027, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí Sunak dá. Ẹgbẹ́ ìyàwó ni ó fún ọkọ ní ìbọn rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti rí owó? Nínú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní: nínú 100 pọ́n-ùn, wọ́n gé e láti 50 kọ́bọ̀ wọn sí 30. Mínísítà tí ó ń bójú tó o, Anneliese Dodds, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Inú irú owó bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ti máa ń wá ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń gbà á kò sì ní ìbò ní Peckham.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Reeves kéde pé òfin ọmọ méjì yóò kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2026. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó pè mí ní tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ń bèèrè pé owó ta ni. Badenoch, tí ó ti di olórí ẹgbẹ́ Conservative láti ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2024, náà tako o, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní kò yẹ kí òfin náà kúrò.

Nítorí náà, arábìnrin mi tí ó kọ̀wé láti Ìbàdàn, kí o tó di ẹrù, ka ìwé àṣẹ tí wọ́n bá fún ọ láti òkè dé ilẹ̀. Bí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ọkọ rẹ ń ṣe, wo ọjọ́ tí ó gba àṣẹ dáradára, nítorí pé àwọn tí wọ́n bèèrè láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 2024 kò lè mú aya àti ọmọ wọlé mọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, má ṣe gbà á, ohun yòówù kí ọ̀rẹ́ sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n fi orúkọ rẹ sílẹ̀ láti dìbò, kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, má ṣe dúró de ọkọ rẹ. Pásípọ́ọ̀tì rẹ tó.

Ní ti ẹgbẹ́ tí o ó dìbò fún, n kò ní sọ. Mo bi Màmá Òkè ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀ nílé, òun náà kò sọ fún mi.

Lóṣù tí ń bọ̀, a ó padà sí orí bí a ṣe lè tọ́jú ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n má baà bàjẹ́.